Ìyàwó Mi Ni Dẹ́rẹ́bà: Bí Mo Ṣe Kọ́ Mọ́tò ní Ìkòròdú Lẹ́yìn Tí Mo Ti Ń Hewú

Tí ọkùnrin bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, tí dẹ́rẹ́bà ọ̀hún sì jẹ́ ìyàwó rẹ̀, oríṣiríṣi nǹkan làwọn èèyàn máa ń rò ní Ìkòròdú wa níbí. Àwọn kan á ní ara bàbá yẹn ò yá. Àwọn kan á ní ó ti mu ún yó. Àwọn aláròká á ní ìyá ló ni mọ́tò, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Ohun tí kì í sọ sí wọn lọ́kàn ni pé bàbá náà ò mọ mọ́tò wà rárá. Èmi ni bàbá náà. Ọmọ mi àgbà ti wọ yunifásítì kí n tó mọ èwo ni bíréèkì nínú nǹkan tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

Nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jọ tèmi, tí wọ́n ń fẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀, ni mo ṣe ń kọ èyí. A pọ̀ gan-an. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ tèmi síta làwọn oníbàárà mi, àwọn àgbà ọkùnrin tó ń wá dán agbádá wò, ti ń rẹ ohùn sílẹ̀ bi mí ní ṣọ́ọ̀bù pé, "Télọ̀, báwo lẹ ṣe ṣe é?"

Bàbá mi ò ní mọ́tò. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ náà ò ní. Nígbà tí mo ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, orí ẹ̀rọ ìránṣọ ni gbogbo owó mi lọ. Ìlú tí à ń gbé náà kì í sì í jẹ́ kó dun èèyàn. Ọkadà á gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà ilé, kéké Márúwá wà, kórópe wà. Nígbà tó di November 2015, BRT, bọ́ọ̀sì èrò tó ní ọ̀nà tirẹ̀, tó ti ń ná Mile 12 sí CMS láti 2008 wá nasẹ̀ dé Ìkòròdú, mo ní ó tán, ìjọba ti rí tèmi rò. Tó bá tún jẹ́ Erékùṣù lò ń lọ, tó ò fẹ́ jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọkọ̀ ojú omi wà ní èbúté Ìpakodò. Kí ni mo tún fẹ́ fi mọ́tò ṣe?

Mi ò tíì kúrò nídìí ọ̀rọ̀ yẹn o. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú kí èèyàn má mọ mọ́tò wà. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé àkókò ẹlòmíràn lo máa ń lò. Tí ó bá rẹ ẹni tó gbé ọ wá síbi ìnáwó, ìnáwó ti parí fún ọ nìyẹn, kódà kí ìrẹsì rẹ ṣì wà nínú àwo. Tí ẹni yẹn ò bá tíì ṣe tán, ìwọ náà ò tíì ṣe tán.

Ohun tó wá pani lẹ́rìn-ín jù nínú ọ̀rọ̀ mi ni pé mo ní láísẹ́ǹsì. Fọ́tò mi wà lára rẹ̀ rekete. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá báńkì ṣe tipẹ́ á mọ bọ́rọ̀ ṣe rí kí NIN tó wọ́pọ̀: tí o bá fẹ́ ṣí àkáǹtì, wọ́n á ní kí o mú ìwé ìrìnnà wá, tàbí káàdì ìdìbò, tàbí láísẹ́ǹsì. Mi ò ní ìwé ìrìnnà, káàdì ìdìbò mi ti sọnù. Ẹnìkan ní òun á bá mi sáré láísẹ́ǹsì, ó sì sáré é lóòótọ́. Mo jókòó, wọ́n yà mí, mo tẹ̀ka. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ti fọwọ́ kan sìtíárìn rí. Bí mo ṣe di awakọ̀ lórí ìwé nìyẹn. Ó wúlò fún mi ní báńkì, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ṣèèṣì rí i nínú pọ́ọ̀sì mi ló máa ń jù mí ní kọ́kọ́rọ́.

Ìyàwó mi ní tirẹ̀, tíṣà ni. Ó yá owó nínú kọpurétífù wọn, ó ra tòkunbọ̀ kékeré kan, ọ́tò, èyí tí jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀. Ó ti kọ́ mọ́tò sílẹ̀ kó tó rà á. Ó ní kí n wá kọ́ ọ. Mo ní ojú ń dùn mí. Nígbà tó yá, mo ní iṣẹ́ ọdún Iléyá ti pọ̀ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn Iléyá, Kérésì ló kàn. Iṣẹ́ télọ̀ dára fún ẹni tó bá ń wá àwáwí, kò sígbà tí ọdún kan kì í súnmọ́ etílé.

Ọjọ́ kan wà tí mi ò ní gbàgbé. Ìnáwó ni, nínú gbọ̀ngàn kan lọ́nà Ṣágámù. Àwọn ẹgbẹ́ ìyàwó mi ti wọlé jó lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lápò mi. Alága ìdúró bá gba makirofóònù, ó ní kí ẹni tó ni mọ́tò aláwọ̀ eérú, ó pe nọ́ńbà rẹ̀, kó jọ̀ọ́ wá sún un, ó ti dí ẹnìkan mọ́. Gbogbo tábìlì wa ló mọ̀ pé mọ́tò wa ni. Mo dìde. Níta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá wa sún un sẹ́yìn díẹ̀." Mo ní mọ́tò náà ń yọnu, kì í jí bọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ là. Ó ní mẹkáníìkì lòun, kí n gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè! Mo dúró níbẹ̀, mi ò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́, mo ní kó gbìyànjú rẹ̀ wò. Mọ́tò jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó sún un, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀wọ̀ yẹn dùn mí ju kó bú mi lọ.

Síbẹ̀síbẹ̀, ìtìjú kọ́ ló mú mi kọ́ mọ́tò. Ó ti mọ́ mi lára.

Orúnkún ni. Orúnkún ọ̀tún ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú lọ́dún 2023, dókítà ní kó má fi ẹsẹ̀ náà tẹ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Mọ́tò bá dúró sójú kan nínú ọgbà. Bátìrì kú. Adìẹ ará ilé kejì wá sọ abẹ́ rẹ̀ di ilé ìyẹ́yin. Ọdún yẹn náà ni ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ epo bẹ́ sílẹ̀: ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni ààrẹ tuntun kéde pé ó ti lọ, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà epo kan ti kọjá ₦480 ní Èkó. Owó kéké ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́.

À ń lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kan. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi ò ká, wọ́n ti dè é. Bó ṣe wọ kéké, ẹsẹ̀ náà gba gbogbo àga ẹ̀yìn kọjá, bàtà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta ní ìhà kejì. Ọlọ́kéké yí ọrùn padà, ó wò ó, ó ní kí a san owó ẹni mẹ́ta, torí ẹsẹ̀ ìyá yìí gba àyè èèyàn. Kò purọ́. Mo san án. Gbogbo ìgbà tí kéké ń gbé wa fò nínú kòtò, tí ìyàwó mi ń di apá mi mú tí kò ké, mọ́tò tirẹ̀ ni mo ń rò, pẹ̀lú adìẹ lábẹ́ rẹ̀.

Àbúrò ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ní òun á kọ́ mi. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ mọ́tò wà, kò sì gba kọ́bọ̀. A ra bátìrì, a lọ sí pápá ilé ìwé kan lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀wọ̀ ló bà á jẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń kọ́ mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, tí ẹ bá lè bá wa rọra fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì yẹn, torí ògiri yẹn ti..." Kó tó sọ ọ́ tán, a ti dé ara ògiri. Kò lè pariwo mọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi náà ò sì fẹ́ kí ọmọ tí mo gba ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ìdána máa sọ fún mi pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Tó bá sọ pé kí n yà sọ́tùn-ún, màá kọ́kọ́ bi í pé kí ló dé. Tẹ́ ẹ bá máa jẹ́ kí àbúrò yín kọ́ yín, ẹ jẹ́ kí ẹ jọ ṣe àdéhùn kí ẹ tó tan iná mọ́tò: nínú mọ́tò, kò sí "ẹ", kò sí "ẹ dákun". "Tẹ̀ ẹ́!" "Dúró!" "Ọ̀tún!" Tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀, kó wá dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo èyí tó jẹ.

Ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ yẹn parí ni mo gbá òpó góòlù.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé, torí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ tèmi. Ẹ̀rọ ìránṣọ oníná tí mo ń lò ní ṣọ́ọ̀bù ní ohun kan tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀. O tẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ sáré. O gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó dúró. Láti ìgbà èwe mi ni ẹsẹ̀ mi ti mọ èyí, ẹsẹ̀ kì í sì í bi orí léèrè kó tó ṣe nǹkan. Ọ́tò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí jíà bá ti wà ní D, èyí tó ń gbé mọ́tò lọ síwájú, tí o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, èyí tí à ń tẹ̀ kí mọ́tò sáré, mọ́tò ò ní dúró, yóò máa wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí tí wàá fi tẹ bíréèkì. Mo rí òpó níwájú, mo gbẹ́sẹ̀. Mọ́tò ń wọ́ lọ. Ẹ̀rù bà mí, mo fẹsẹ̀ wá nǹkan tẹ̀ kíákíá, èyí tó súnmọ́ ẹsẹ̀ mi jù ni mo tẹ̀. Tọ́rótù ni. Òpó góòlù tẹ̀ sẹ́yìn bí arúgbó tó ń wo ojú ọ̀run, bọ́ńpà iwájú là sí méjì. Mo san owó òpó fún ilé ìwé. Mo san ti bọ́ńpà. Àbúrò ìyàwó mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́," ó sì wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tó kù nínú ọdún náà.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́tò. Èyí lẹ máa kọ́kọ́ kó sórí. Tòsì, ẹ fà á sẹ́yìn kó lọ jókòó. Gìgísẹ̀ ọ̀tún á wà nílẹ̀ ní iwájú bíréèkì, ẹ ó wá máa yí ìka ẹsẹ̀ nìkan sí tọ́rótù, kó lè jẹ́ pé tí ẹ̀rù bá bà yín, ibi tí ẹsẹ̀ á padà sí fúnra rẹ̀ ni bíréèkì. Ẹ má sì wọ sálúbàtà tàbí sìlípáàsì wakọ̀, ó máa ń há sábẹ́ nǹkan.

Lẹ́yìn òpó góòlù, mo wá ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Ṣebí o ní láísẹ́ǹsì, kí lo tún ń náwó sí?" Láísẹ́ǹsì yẹn ti kú, mi ò sì fẹ́ jí i padà. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mi láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, learner's permit. Tí ẹ bá ń wá ilé ẹ̀kọ́, nǹkan méjì ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, fi fọwọ́ sí wọn hàn yín. Ẹ sì bẹ ẹsẹ̀ olùkọ́ wò nínú mọ́tò wọn, ó yẹ kí bíréèkì kejì wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, mọ́tò ẹ̀gbọ́n yín dára ju tiwọn lọ. Ẹ bi ìyàwó yín náà bóyá ìwé ìbánigbófò mọ́tò ilé ṣì wà láàyè. Èyí tó kéré jù lọ, third party, di ₦15,000 láti January 2023, àwa ń fi tiwa falẹ̀ títí bọ́ńpà fi là. Kò sì tún lè sanwó bọ́ńpà ẹni fún ẹni, tẹlòmíràn ló wà fún.

Olùkọ́ mi jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. "Ìwọ télọ̀ yìí, ṣé ojú rẹ fọ́ ni?" Ohùn yẹn ló kọ́ mi.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n ta iná sí mọ́tò. Ó ní kí n jókòó. Mo jókòó. Ó ní kí n tẹ bíréèkì dé ìsàlẹ̀ pátápátá, orúnkún mi na gbọnrangandan, ó ní kí n fa àga síwájú, orúnkún gbọ́dọ̀ ṣì ká díẹ̀. Ó ní kí n fi ẹ̀yìn ti àga, kí n na apá, ọrùn ọwọ́ mi gbọ́dọ̀ lè sùn sórí sìtíárìn. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń gbá nǹkan ní pápá, mo ti jókòó sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ń gé irun fún. Lẹ́yìn náà ló kan mírọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní kí n máa ka gbogbo ohun tí mo bá rí nínú wọn sí òun létí. Mo rí ajá. Mo rí ọmọ tó ń ta omi. Mo rí ọkadà. Ó ní, "Ọkadà yẹn dà báyìí?" Mi ò rí i mọ́. Ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mi.

Ibí ni mo ti wá mọ ohun tí mi ò mọ̀. Mo rò pé jíà àti bíréèkì ni mọ́tò wíwà. Wíwò ni. Láti Ìkòròdú dé Mile 12, mo lè di ojú pẹ́pẹ́, kí n sì mọ ibi tí a dé: kọ̀ǹdọ́ á ké Ágíríkì, á ké Ògólóńtò, afẹ́fẹ́ odò á fẹ́ sí mi nímú ní Májídùn. Etí ni mo fi mọ ọ̀nà. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń yí padà. Mi ò mọ ọwọ́ tó yẹ kí èèyàn ti wà kó tó ya Ágíríkì. Àwọn pátákó ojú ọ̀nà tí mo ti ń kọjá lára wọn láti kékeré, mi ò mọ̀ pé onígun mẹ́ta ń kìlọ̀ ni, tí ìrísí róbótó tí wọ́n fi pupa yí ká sì ń sọ pé má ṣe. Èrò ọkọ̀ ni mí. Èrò ọkọ̀ kì í wo nǹkan kan, ó ti sanwó kí ẹlòmíràn bá òun wò ó.

Olùkọ́ wá fún mi ní iṣẹ́ àmúrelé, òun ló sì ràn mí lọ́wọ́ jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà, bẹ́ẹ̀ kò ná mi lówó kan. Ó ní nígbàkígbà tí mo bá wọ dáńfó, kí n jókòó síwájú, kí n máa bá dẹ́rẹ́bà wa ọkọ̀ náà pẹ̀lú ojú. Kí n tó rí i pé ó tẹ bíréèkì, kí n ti sọ nínú ara mi pé yóò tẹ̀ ẹ́. Kí n wo bó ṣe ń wo mírọ̀ kó tó bọ́ sí ọwọ́ kejì. "Ojú rẹ̀ ni kí o kọ́," ó ní, "má kọ́ ọwọ́ rẹ̀." Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì ní owó ilé ẹ̀kọ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ èyí lọ́la. Kí ẹ tó di sìtíárìn mú, ìdajì iṣẹ́ á ti wọlé.

Ráńdàbáòtù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn. Òfin rẹ̀ ò le: ẹni tó ti wà nínú rẹ̀ ló ni í, ọwọ́ òsì lo máa wò, tí àyè bá yọ, o wọlé. Olùkọ́ mi tún fi ìtàn kún un, ó ní ká dúpẹ́ pé a kò kọ́ mọ́tò ṣáájú ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, torí ọwọ́ òsì ni gbogbo Nàìjíríà ń gbà títí di ọjọ́ náà, kí wọ́n tó yí i sí ọ̀tún, àwọn dẹ́rẹ́bà àtijọ́ sì ní láti gbàgbé ohun tí ara wọn ti mọ̀. Mo rò ó wò pẹ̀lú ẹsẹ̀ télọ̀ mi yìí, àánú wọn ṣe mí. Àmọ́ nígbà tí mo dé ráńdàbáòtù ní gáréèjì fúnra mi, mo dúró, mò ń retí kí ó ṣófo. Kò ṣófo. Dáńfó ń fọn fèrè lẹ́yìn mi, olùkọ́ dákẹ́, ó ń wò mí níran. Ìyá oníbúrẹ́dì kan ló súnmọ́ fèrèsé, ó ní, "Bàbá, ẹ wọ̀ ọ́ o, wọn ò ní tán!" Mo wọ̀ ọ́. Àwọn dáńfó yà fún mi. Wọ́n bú mi, ṣùgbọ́n wọ́n yà. Pátákó L pupa tó wà lára mọ́tò dára púpọ̀, ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú, ó ń jẹ́ kí èèyàn ṣàánú ẹni.

Ẹ̀rù tó yẹ kó bani yàtọ̀ sí ẹ̀rù tí a ń bẹ̀rù. Mo ń bẹ̀rù dáńfó, dáńfó sì lójú, kò fẹ́ fara gbún mọ́tò tó ń gbówó wá fún un. Ọkadà tó ń gba ọ̀tún yọ nígbà tí o bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún ni kí o bẹ̀rù. Ẹ wẹ̀yìn lápá ọ̀tún kí ẹ tó yà, kódà tí ẹ bá ti tan tráfíkétọ̀. Àwọn tírélà tó ń jáde láti ilé iṣẹ́ ní Odogùnyàn náà: tí o ò bá rí ojú dẹ́rẹ́bà nínú mírọ̀ rẹ̀, òun náà ò rí ọ, má dúró níbẹ̀. Tí òjò bá rọ̀ tí omi dí ojú ọ̀nà, dúró kí mọ́tò mìíràn kọ́kọ́ kọjá, kí o rí ibi tí táyà rẹ̀ mù dé. Gọ́tà wa ò ní ìdérí. Ẹ sì má bá wọn wọ ọ̀nà BRT, bó ti wù kó ṣófo tó. Àwọn tó ń mú èèyàn níbẹ̀ kì í gbọ́ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni.

Ìdánwò mi lọ́dọ̀ VIO, àwọn tó ń yẹ mọ́tò àti awakọ̀ wò, kò gùn. Wọ́n bi mí ní pátákó, wọ́n ní kí n wà á síwájú, kí n fi rívásì páàkì. Òógùn bò mí, mo gún kọ́ọ̀nù kan níhìn-ín díẹ̀, wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo ti fi bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àga rọ́bà dánra wò nínú ọgbà wa títí àwọn ọmọ fi ń jáde wá wòran, ìyẹn ló gbà mí. Nígbà tí láísẹ́ǹsì tuntun jáde, fọ́tò inú rẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó wá kù ìyàwó. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn, inú rẹ̀ sì dùn títí ó fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gbogbo ibi tí mo bá ti yẹ kí n tẹ bíréèkì, òun ti tẹ tirẹ̀ nílẹ̀ mọ́tò, pẹ̀lú orúnkún tí dókítà ní kó má fi tẹ nǹkan kan. Tó bá ti fà á, "Yéè!", èmi náà á gbọ̀n, a ó wá di eléwu méjì nínú mọ́tò kan. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó lọ jókòó sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rí ibi nà sí lórí àga, ó sì lè wo fóònù dípò kó máa wo ojú ọ̀nà. Àwọn ará àdúgbò tó ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ìyàwó ló ń gbé télọ̀ kiri bá yí ohùn padà: wọ́n ní télọ̀ ti di dẹ́rẹ́bà ìyàwó rẹ̀. Kò sí bí o ṣe fẹ́ ṣe é.

Fún ẹni tó bá ti ń jáde fúnra rẹ̀: àárọ̀ Àìkú kùtùkùtù, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ̀rẹ̀, ni ọ̀nà Ìkòròdú ṣeé bá sọ̀rọ̀. Ẹ pa rédíò. Ẹ má gbé ọmọ. Fóònù, ẹ jù ú sí ẹ̀yìn. Ọ̀nà tí ẹ bá mọ̀ ni kí ẹ gbà, kódà tó bá jìn jù. Tí ẹ bá gbàgbé ibi ìyípadà, ẹ kọjá rẹ̀, òmíràn ń bọ̀ níwájú, ẹ má fi rívásì padà sẹ́yìn lójú títì láéláé. Nínú ìlú, tí ẹnikẹ́ni bá ń fọn fèrè pé ẹ ò sáré, òfin ò ní kí ẹ ju kìlómítà 50 lọ ní wákàtí. C-caution (onígun mẹ́ta tí à ń gbé sójú ọ̀nà tí mọ́tò bá bàjẹ́), ohun èlò ìpaná, jáàkì àti táyà sípíà gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn mọ́tò, kí ẹ sì ti tú táyà kan fúnra yín rí nínú ilé. Ẹ kọ nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, 122 ti FRSC àti 767 ti ìpínlẹ̀ Èkó, sí ibi tí ojú á rí i.

Orúnkún ìyàwó mi ti sàn. A ti pín in báyìí: èmi ni mò ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ àti ọjà, òun ló ń wà á tí ilẹ̀ bá ti ṣú, torí iná àwọn mọ́tò tó ń bọ̀ wá máa ń pa mí lójú, èyí kì í ṣe àwáwí, mo ti lọ ṣe gíláàsì. Tí mo bá ń lọ ra aṣọ ní Balógun, BRT ni mò ń wọ̀. Páàkì wíwá níbẹ̀ ju iṣẹ́ tí mo bá lọ lọ. Géètì ilé wa náà ṣì kù. Ó fi díẹ̀ fẹ̀ ju mọ́tò lọ, gọ́tà sì wà lápá òsì. Tí a bá dé ibẹ̀, mo máa ń sọ̀kalẹ̀ ṣí i, ìyàwó mi á sún sídìí sìtíárìn, á sì fi rívásì wọlé láì wo ọ̀tún tàbí òsì.